Wúrà Inú Góòlù

Ọ̀rọ̀ méjì ni Yorùbá ń lò fún ohun tó pọ́n, tó sì ń dán, tí wọ́n fi ń ṣe òrùka: wúrà àti góòlù. Ẹni tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa yóò gbọ́ pé ìlò wọn yàtọ̀. Wúrà ló wà nínú orúkọ ọmọ àti nínú àdúrà. Kò sí ẹni tó ń sọ ọmọ rẹ̀ ní Góòlùọlá. Góòlù ni ti ọjà. Bí obìnrin kan bá wọlé síbi ìgbéyàwó ní ìlú wa Ìwéré-Ilé, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìwàjọwà, tí ọrùn àti ọwọ́ rẹ̀ ń kọ mànà, góòlù ni àwọn tó jókòó lábẹ́ àtíbàbà yóò ní ó kó sára, ì báà jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló rà á ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà, ì báà sì jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ló rà á bọ̀ láti Mẹ́kà ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n ń bi oníṣòwò ni pé, "Ṣé góòlù gidi ni?" Oníṣòwò á ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì lè má purọ́. Ìbéèrè náà ni kò kún tó. Ní Ìṣẹ́yìn tí kò jìnnà sí wa, kò sẹ́ni tó ń ra aṣọ òkè tí yóò béèrè pé ṣé aṣọ gidi ni. Òwú tí wọ́n fi hun ún ni yóò béèrè, bóyá sányán ni tàbí òwú ọjà lásán tí wọ́n pa láró. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí ó rí pẹ̀lú góòlù, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun ọ̀ṣọ́ tó jẹ́ wúrà látòkèdélẹ̀. Àdàlù ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ mọ bí wúrà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ohun tí wọ́n lú mọ́ ọn, àti ibi tí yóò gbé lára.

Ìdí tí alágbẹ̀dẹ fi ń lú wúrà ni pé ògidì rẹ̀ rọ̀ jù. Bí wọ́n bá fi rọ òrùka, kò ní pẹ́ tí yóò fi wọ́. Bí wọ́n bá fi ṣe ṣéènì, ìkọ́ rẹ̀ á là lọ́jọ́ tí ọmọ ẹ̀yìn bá fà á. Wọ́n á wá yọ́ fàdákà àti bàbà díẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè le. Kárátì ni wọ́n fi ń sọ bí àdàlù náà ṣe rí. Wọ́n pín odindi sí ọ̀nà mẹ́rìnlélógún: bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ wúrà, kárátì 24 nìyẹn, bí méjìdínlógún bá jẹ́ wúrà tí mẹ́fà tó kù sì jẹ́ nǹkan mìíràn, kárátì 18 ni. Òǹtẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sínú òrùka tàbí sára ìkọ́ ṣéènì ń fi ìdá ẹgbẹ̀rún sọ ohun kan náà: 916 ni kárátì 22, 875 ni 21, 750 ni 18, 585 ni 14, 375 ni 9. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀gbà ọwọ́ méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀n tó 20 gíráàmù. Bí èkíní bá jẹ́ kárátì 18, wúrà inú rẹ̀ jẹ́ 15 gíráàmù. Bí èkejì bá jẹ́ kárátì 9, gíráàmù 7.5 péré ni. Ohun tó ju ààbọ̀ rẹ̀ lọ kì í ṣe wúrà rárá. Lójú, wọ́n lè jọra bí ìbejì, oníṣòwò tó sì pe àwọn méjèèjì ní góòlù gidi kò ṣìwí. Àwọ̀ pàápàá, inú àdàlù ló ti ń wá. Bí bàbà bá pọ̀ níbẹ̀, á pọ́n bí osùn; bí fàdákà bá pọ̀, á máa ṣe funfun díẹ̀; èyí tí wọ́n ń pè ní wáìtì góòlù, níkẹ́ẹ̀lì tàbí palladium ni wọ́n fi pa pupa rẹ̀ rẹ́, wọ́n sì sábà máa ń fi rhodium bò ó kí ó lè funfun báláú. Ẹni tó ń fi àwọ̀ nìkan yan góòlù dà bí ẹni tó ń fi èèpo iṣu mọ bí yóò ṣe gún. Orúkọ ìlú tí wọ́n ń fi pe góòlù náà kò tó gbọ́kàn lé. Lóòótọ́, èyí tí àwọn alálàájì ń rà ní Saudi sábà máa ń jẹ́ kárátì 21 tàbí 18, ti Ítálì gidi sì sábà máa ń jẹ́ 18. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníṣòwò bá ń pe "Ítálì" tàbí "Dubai" ní ọjà, bí wọ́n ṣe ṣe ọnà ara rẹ̀ ló ń sọ lọ́pọ̀ ìgbà, kì í sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní àrékérekè òyìnbó ni lílú irin iyebíye mọ́ nǹkan mìíràn, pé wúrà àwọn baba wa kò ní àbùlà. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kò gbà pẹ̀lú onítọ̀hún. Wúrà tí wọ́n ń wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí ilé-iṣẹ́ ìwakùsà Segilola ti kọ́kọ́ da wúrà ní ọdún 2021, fàdákà ti wà nínú rẹ̀ kí ènìyàn tó fọwọ́ kàn án. Ìgbà tí wọ́n bá gbé e lọ sí òkèèrè lọ yọ́ mọ́ ló tó di ògidì. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa náà mọ ọ̀rọ̀ àdàlù tipẹ́. Idẹ gan-an, bàbà àti síńkì ni. Àwọn orí tí wọ́n hú jáde ní Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, tí àwọn onímọ̀ ń fi sí àárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, idẹ ni púpọ̀ nínú wọn, òjé sì wà nínú idẹ náà kí ó lè ṣàn dáadáa wọ inú amọ̀ tí wọ́n dà á sí. Ṣùgbọ́n ìbòjú Ọbalùfọ̀n, Ilé-Ifẹ̀ kan náà, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ògidì bàbà. Bàbà tí kò ní àdàlù kì í fẹ́ ṣàn, ó máa ń gba afẹ́fẹ́ sínú nígbà tó bá yọ́, ihò á sì wà lára iṣẹ́. Ẹni tó lè da odindi ìbòjú láti inú irú bàbà bẹ́ẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Nígbà tó bá wá lú u mọ́ nǹkan mìíràn, kì í ṣe àìrí bàbà rà ló fà á.

Àpẹẹrẹ mìíràn wà tí kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ ju ti Ifẹ̀ lọ: ṣílè. Ìgbìmọ̀ tó ń rí sí owó àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń jọba lé lórí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1912. Ṣílè tí wọ́n rọ láti 1913 jẹ́ fàdákà 925: nínú ẹgbẹ̀rún ìdá, 925 jẹ́ fàdákà, ìyókù jẹ́ bàbà. Alágbẹ̀dẹ tó fẹ́ rọ ẹ̀gbà fàdákà kò ní láti wá ohun èlò lọ sí ibì kankan. Inú àpò oníbàárà rẹ̀ ló wà. Nígbà tó di 1920, wọ́n yí owó náà padà sí idẹ tó ní tíìnì díẹ̀ nínú. Orúkọ kò yí padà, òǹkà kò yí padà, ohun tó lè rà lọ́jà ní Ṣakí lánàá ló ṣì lè rà lónìí. Inú iná alágbẹ̀dẹ nìkan ni ìyàtọ̀ ti hàn: ti ìṣáájú di ẹ̀gbà fàdákà, ti ìkẹyìn di idẹ. Ọ̀rọ̀ góòlù ní ọjà wa lónìí kò yàtọ̀ sí ti ṣílè yẹn. Orúkọ náà dúró síbi tó wà, ohun inú rẹ̀ ló ń ṣípò padà.

Bí a bá ti mọ̀ pé àdàlù ni, ibi tí yóò gbé lára ló kàn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń na owó wọn nù. Ní Ìwéré-Ilé, bí ìlú ṣe ń lajú tó, iṣẹ́ oko ṣì ni iṣẹ́. Ọwọ́ tó wọ òrùka lọ síbi ìnáwó ní Sátidé ni yóò bó ẹ̀gẹ́ ní Mọ́ńdè, tí yóò rẹ ẹ́, tí yóò sá láfún sórí àpáta, tí yóò sì po òrí. Òrùka ògidì wúrà kò lè bá irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ gbé. Kárátì 14 tàbí 18 ló bá a mu. Bí ó bá lọ sílẹ̀ jù, bíi kárátì 9, bàbà inú rẹ̀ á fara kan òógùn tó níyọ̀, á ṣú, á sì ya àmì dúdú tàbí àmì àwọ̀ ewé sí ìka. Yẹtí kì í bá ẹnikẹ́ni di ọkọ́ mú, nítorí náà kárátì 22 kò burú fún un. Ohun ilé náà sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Omi tí a fi ń fọ aṣọ funfun, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Hypo láìka orúkọ tó wà lára ike sí, máa ń jẹ àdàlù inú góòlù, pàápàá níbi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Ìpara tí àwọn kan fi ń bóra tún burú jù ú lọ. NAFDAC fòfin de mẹ́kúrì nínú ìpara, síbẹ̀ ó ṣì ń yọ́ wọ ọjà. Mẹ́kúrì àti wúrà kì í pàdé kí wọ́n má dì mọ́ra. Òun ni àwọn tó ń wa kùsà ní kékeré fi ń kó wúrà wẹ́wẹ́ jọ láti inú iyanrìn. Bí ó bá wà lọ́wọ́ ẹni tó wọ òrùka, òrùka náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ní àbàwọ́n funfun, á sì máa rún. Ẹni tó ni ín á gbà pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun, bẹ́ẹ̀ awọ ara rẹ̀ ló yẹ kí ó kọ́kọ́ máa bẹ̀rù fún.

Fàdákà rọrùn jù láti bá gbé. Imí ọjọ́ ni ọ̀tá rẹ̀: ọṣẹ tó ní imí ọjọ́, ẹyin, èéfín, gbogbo wọn ló ń sọ ọ́ di dúdú. Ṣùgbọ́n òde ara ni dúdú náà mọ, aṣọ rírọ̀ lè nù ún kúrò. Idẹ ń fẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú lóòrèkóòrè, ó tán.

Etí ọmọ tuntun ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀. Ojú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lu kò tíì jiná, níkẹ́ẹ̀lì ló sì sábà máa ń wà nínú yẹtí olówó pọ́ọ́kú. Á gba ojú egbò yẹn wọlé, ara á sì kọ̀ ọ́. Bí ara bá ti kọ níkẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan, títí ayé ni: irin bẹ́líìtì, bọ́tìnnì jíǹsì, ẹ̀yìn aago ọwọ́, gbogbo wọn ni yóò máa yún onítọ̀hún. Èyí ló mú kí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣòfin ní 1994 lórí ìwọ̀n níkẹ́ẹ̀lì tó lè jáde lára ohun tí wọ́n bá fi bọ etí. Mi ò rí ọgbọ́n tó wà nínú kí a ná owó gọbọi sórí ṣéènì ìyá ọlọ́mọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ká wá ra yẹtí páálí fún ẹni tí etí rẹ̀ ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. Wúrà kárátì 18 tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, tí kò tó gíráàmù kan, ló tọ́ sí etí náà. Òjé kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọmọdé rárá. Ó rọ̀, ó rọrùn láti rọ, àwọn olùsìn Ọbàtálá sì ní ìdí tiwọn tí wọ́n fi ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í rí nǹkan kó má fi sẹ́nu, májèlé sì ni òjé. Ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní 2010, òjé tó wà nínú òkúta tí àwọn ará abúlé ń fọ́ nítorí wúrà pa ọmọdé tó ju irínwó lọ.

Àwọn kan á ní gbogbo èyí dára fún ẹni tó ń wá ẹwà, pé àwọn ń wá báńkì. Wọ́n ní bí góòlù bá jẹ́ báńkì, kárátì tó ga jù lọ ló yẹ kéèyàn rà, kí ó má baà fi owó rẹ̀ ra bàbà. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí ìjọba tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦470 kọjá ₦1,500 kí ọdún tó yí po. Owó náírà tí ẹnìkan dì sábẹ́ ibùsùn rún wómúwómú. Wúrà gíráàmù mẹ́wàá ṣì jẹ́ gíráàmù mẹ́wàá, iye rẹ̀ ní náírà sì ń gòkè. Síbẹ̀, wúrà náà ń já: ní 2013 nìkan, ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ ló já kúrò nínú iye rẹ̀ ní ọjà àgbáyé. Ìwọ̀n wúrà inú rẹ̀ sì ni ẹni tó ń ra àlòkù ń sanwó fún. Owó iṣẹ́ ọnà tí a san lọ́jọ́ tí a rà á ti lọ, òkúta wẹ́wẹ́ tó ń tàn lára rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ dànù kí wọ́n tó gbé e sórí síkéèlì. Ní ti pé kárátì 18 ń múni ra bàbà, kò rí bẹ́ẹ̀, bí oníṣòwò bá ti tà á gẹ́gẹ́ bí 18: wúrà inú rẹ̀ ni a san owó fún. Ìgbà tí wọ́n bá ta 9 gẹ́gẹ́ bí 18 ni a ra bàbà. Ẹni tó ń wá báńkì, kó ra báńgù róbótó tí kò ní ọnà púpọ̀, kárátì 21 tàbí 22, kó tì í mọ́ àpótí. Ẹni tó ń wá òrùka tí yóò máa wọ̀ lọ sóko, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo kò lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì.

Èyí tí wọ́n kàn fi wúrà bò kì í ṣe báńkì, kì í sì í ṣe òrùka oko. Wúrà tó wà lára rẹ̀ kò nípọn tó ìdá kan nínú ogún ìnípọn irun orí ènìyàn. Bí a bá yọ́ ọ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò rà. Bí wọ́n bá pè é ní orúkọ rẹ̀, tí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n, ẹni tó fẹ́ fi jó lọ́jọ́ kan kò ṣe àṣìṣe.

"Ta ló máa wá yẹ gbogbo èyí wò ní Ìwéré-Ilé?" Ìbéèrè tó tọ́ ni. Ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán ka ohun tó wà nínú irin, ìlú ńlá ló pọ̀ sí. Òǹtẹ̀ kò tó, nítorí ẹni tó lè rọ òrùka lè tẹ 750 sí i. Òòfà kò tó: yóò fa irin bí irin bá wà lábẹ́, ṣùgbọ́n idẹ àti òjé kì í gbọ́ tirẹ̀. Àmọ́ ife omi kan, òwú, àti síkéèlì kékeré tó ń ka gíráàmù dé ìdá ọgọ́rùn-ún lè sọ ohun tó pọ̀. Gbé ife omi náà sórí síkéèlì, kí o tẹ ibi tí yóò fi padà sí òdo. Fi òwú so ẹ̀gbà wa tó wọ̀n tó 20 gíráàmù yẹn, rì í sínú omi, má sì jẹ́ kó kan ìdí ife tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà kan á yọ. Bí ẹ̀gbà náà bá jẹ́ kárátì 18, kò ní jìnnà sí 1.3, bí ó bá jẹ́ 22, yóò wà ní nǹkan bí 1.1, bí ó bá jẹ́ idẹ tí wọ́n fi wúrà pa lára, yóò lé ní 2.3. Omi tí ẹ̀gbà náà tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni nọ́ńbà yẹn. Pín 20 sí 1.3, wàá rí ohun tó lé díẹ̀ ní 15. Pín in sí 2.35, wàá rí 8.5, ìwọ̀n idẹ gan-an nìyẹn. Fàdákà wà ní 10.5, ògidì wúrà ní 19.3. Ọgbọ́n yìí kò lè mú gbogbo olè. Ṣéènì tó ṣófo nínú á gba afẹ́fẹ́ sára, á sì tan síkéèlì jẹ. Òrùka olókúta kò ṣeé wọ̀n báyìí. Tungsten sì wúwo bákan náà pẹ̀lú wúrà, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ra èyí tó tóbi gidi kò gbọdọ̀ ṣàìgbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n idẹ tó ń jẹ́ góòlù, èyí tó pọ̀ nínú jìbìtì ọjà wa, kò lè bọ́ lọ́wọ́ ife omi.

Ó ku àwọn tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ idẹ sétí. Wọ́n ní ti àwọn ọlọ́ṣun ni, ti ẹdan Ògbóni ni, pé onígbàgbọ́ tàbí Alhaja kò gbọdọ̀ kó o sára. Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ oníkálùkù. Ṣùgbọ́n kí ni ó wà lábẹ́ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi bo púpọ̀ nínú góòlù olówó pọ́ọ́kú? Idẹ ni. Idẹ tí wọ́n sá fún lọ́wọ́ ọlọ́ṣun ni wọ́n gbà lọ́wọ́ oníṣòwò, tí wọ́n tún san owó góòlù lé e. Ọlọ́ṣun tó fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹ̀gbà rẹ̀, tó sì pè é ní idẹ, mọ ohun tó wọ̀. Ọkùnrin Mùsùlùmí tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba wúrà láyè fún, ṣùgbọ́n tó gba òrùka fàdákà láyè, òun náà mọ tirẹ̀; mo sì máa ń rò ó pé fàdákà ì bá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn obìnrin wa náà, bí kì í bá ṣe pé ojú wa ti lẹ̀ mọ́ ohun tó pọ́n.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí àpótí ìyá tó ti lọ ni àìmọ àdàlù máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ọmọbìnrin mẹ́ta ló bí, ohun ọ̀ṣọ́ mẹ́sàn-án ló sì fi sílẹ̀. Wọ́n á pín in ní mẹ́ta mẹ́ta, ẹbí á ní ó dọ́gba. Ọ̀kan nínú wọn lè kó báńgù kárátì 21 mẹ́ta lọ sílé, kí àbúrò rẹ̀ kó idẹ mẹ́ta, kò sì ní mọ̀ títí ọdún tí owó ilé-ìwé ọmọ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ra àlòkù. Kí wọ́n tó tẹ́ aṣọ funfun tí wọ́n máa to gbogbo rẹ̀ lé, kí wọ́n gbé ife omi àti síkéèlì sílẹ̀, kí ọ̀kan máa rì í, kí èkejì máa kọ nọ́ńbà. Ó ṣeé ṣe kí yẹtí tí ìyá ń wọ̀ lọ́jọ́ gbogbo, èyí tó wà nínú gbogbo fọ́tò rẹ̀, jẹ́ idẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ nítorí etí tó ti wà, kí ó mú un, kí wọ́n má sì kà á mọ́ ìpín rẹ̀.